Ọjọ́ Tí Màmá Aránṣọ Lọ Wo Ilé Ọtí

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn ò fi bú àlejò o. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ojú tó jẹ́ tuntun nínú ilé máa ń rí àga, a rí tábìlì, a rí aṣọ ọrùn onílé, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ẹni tó ni àga, kò sì mọ ìdí tí tábìlì fi dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ríran nílé onílé, àfi kó jókòó, kó fara balẹ̀.

Màmá Aránṣọ kò ronú kan òwe yìí nígbà tó wọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà. Òun gbà pé òun lójú. Obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rán ẹ̀wù àwọn ọmọ iléèwé, tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó wo ọmọ tó ń bọ̀ lókèèrè, kó sì mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó láì fa okùn ìwọ̀n yọ, kí ni ojú rẹ̀ ò ní rí? Ilé ọtí ló ń lọ wò. Kò sì wọ ilé ọtí rí láyé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí, ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ nílé ọtí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù ìlú kejì. Ó ti wá bá ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Inú ìyá dùn, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ìgbà tó dìde ló tó bèèrè pé, "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Òun ló ni ilé ọtí tí a ti ń ṣeré, Mà."

Ìyá fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún lábẹ́ èékánná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó kọ́ ọ ní aṣọ rírán gan-an, ọtí ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò kan lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, ìgò ṣíwájú iṣẹ́. Nígbà tó tún ṣe, iṣẹ́ ò sí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Àbúrò ló ń bá a fi í bọ̀ ọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láti ọjọ́ náà ni Màmá Aránṣọ ti sọ ọ́ lójú àdúrà pé ẹni tó ń ta ọtí kò ní pe òun ní ìyá ọkọ.

"Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò fojú rí," ló wí fún ọmọ rẹ̀.

"Kò burú, Mà. Ẹ jẹ́ ká dá ọjọ́ tí ẹ máa wá, ká lè palẹ̀ mọ́ dè yín."

"A ó dá a."

Kò dá ọjọ́ kankan. Ilé tí wọ́n bá gbá de àlejò, ti àlejò nìyẹn; ilé tí wọn ò gbá dè é ni ilé onílé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló fi gbàdúrà lé e lórí, ó ní kí Ọlọ́run fi ohun tó wà níbẹ̀ han òun, ìbáà dùn, ìbáà korò. Nígbà tó di Àbámẹ́ta, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó da ṣáàlì ẹgbẹ́ aládùúrà wọn bo èjìká nítorí òtútù, ó gbé báàgì rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ àti òwú kì í wọ́n nínú ẹ̀, ó di ibùdókọ̀. Elésè àlùkò ni ṣáàlì náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń lọ síbì kan náà: ògiri gíga kan tí iná orí òpó yọ lókè rẹ̀ bí ọrùn àgùnfọn. Pápá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ní ìkọjá títì, tó dojú kọ ẹnubodè pápá náà, ni ilé bíríkì kan wà, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀, orin ń jáde níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èéfín ilé tí iná rẹ̀ ń jó dáadáa. Màmá gbọ́ gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ láàárín orin náà, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tó ń ta á.

Bàbá àgbàlagbà kan tí apá rẹ̀ gùn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kípà ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí òun ló ń ṣọ́ ilé góòlù fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, apá méjèèjì ló ń nà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé ọ̀pá kankan wà lọ́wọ́ yín?"

"Ọ̀pá? Ṣé mo jọ ẹni tó ń tẹ̀pá lójú yín ni?"

"Ó tì o! Ọ̀pá àsíá ni mo ń wí, Mà. Ọ̀pá kì í wọlé níbí. Tí àríyànjiyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀." Ó wo ṣáàlì tó wà léjìká rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin náà! Ẹ kì í sì í ṣe ọmọdé! Ìfẹ́ ńlá rèé. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ yà sí, Mà. Àwọn èèyàn yín ti dé tipẹ́."

Àwọn èèyàn mi? Màmá dúpẹ́ lọ́kàn. Bí aládùúrà bá ń wọ ilé yìí, a jẹ́ pé ìrètí wà. Ó yà sọ́wọ́ òsì, ó sì bá ara rẹ̀ láàárín èrò tó wọ elésè àlùkò láti orí dé ẹsẹ̀: fìlà àlùkò, ẹ̀wù àlùkò, ẹnì kan tiẹ̀ fi ọ̀dà àlùkò kun imú. Ní apá ọ̀tún, àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn wọ̀. Pèpéle tí àwọn olórin wà lórí rẹ̀ ló kọjú sí àárín àwọn méjèèjì, ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó dorí kodò sórí gìtá, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Màmá wa dé!" Obìnrin gìdìgbà kan dìde, ó fa àga sílẹ̀ fún un. Òun ló wa bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn aláṣọ àlùkò wá. "Ẹ jókòó, Mà. Ẹ ti wá rí?"

"N ò wá rí o."

"Háà, ẹ máa gbádùn ẹ̀. Ọ̀tún làwọn onílé, òsì làwa àlejò. Àwa ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún lóhun mímu, àwa náà la sì ń kọ́kọ́ kọrin. Òfin ilé yìí nìyẹn látayé bàbá ẹni tó ni ín báyìí. Pápá tí a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi ìdọ̀tí ni wọ́n fi kí wa káàbọ̀."

"Orin? Orin wo?"

"Orin bọ́ọ̀lù, Mà." Awakọ̀ wò ó lójú. "Ṣé kì í ṣe bọ́ọ̀lù lẹ bá wá ni?"

Màmá wo fìlà orí awakọ̀, ó wo ṣáàlì èjìká ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ì bá dìde, ì bá ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n láti ibi tó jókòó sí yìí, gbogbo káńtà ló hàn sí i kedere, ẹni tó sì dúró lẹ́yìn káńtà náà ni obìnrin inú fọ́tò tí ọmọ rẹ̀ fi hàn án lórí fóònù. Ibi tó dáa láti ṣọ́ èèyàn kò pọ̀ láyé. Màmá fa ṣáàlì mọ́ra dáadáa, ó sì di alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Obìnrin kékeré ni onílé ọtí náà. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgbúnwọ́. Bó ṣe ń fa ọtí látinú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ife kọ̀ọ̀kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kó tó gbé e fún oníbàárà, tí àmì ìka kan bá wà lára rẹ̀, á gbé e padà. Ó so aṣọ iṣẹ́ dúdú mọ́ àyà. Àpò aṣọ náà ti ya rí, wọ́n sì ti fọwọ́ rán an padà. Ojú ìrán náà wẹ́, ó tọ́, ó sún mọ́ra. Ká sọ òótọ́, ì bá wu Màmá kí ìrán náà burú.

Kò pẹ́ tí onílé fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ó tẹ orúnkún ba. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Kí ni kí n gbé fún yín?"

"Omi."

"Tútù ni, àbí gbígbóná?"

"Ẹ tún ń ta omi gbígbóná?"

"A kì í tà á, Mà. Ẹni tó bá rìn nínú òtútù la máa ń fún." Ó wo ojú Màmá fìrí, ó sì lọ gbé e wá, pẹ̀lú àwo ẹ̀pà kékeré kan.

Màmá rọra ń mu omi rẹ̀, ó ń ṣọ́ ilé. Kò rí ìjà. Kò rí obìnrin tó jókòó lé ẹsẹ̀ ọkùnrin. Ohun tó rí ni àwọn èèyàn tó ń pariwo mọ́ra wọn láti apá kan sí èkejì, tí wọ́n ń fi ẹgbẹ́ ara wọn ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀yin aláṣọ àlùkò, ṣé ẹ gbé àpò wá? Nínú kí lẹ máa kó góòlù wa lọ sílé?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu! Aṣọ́lé góòlù yín ti lawọ́ jù, tí a bá ní kó fún wa ní bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, á bọ́ ọ!"

Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣọ àlùkò tú àsíá wọn sórí tábìlì, ariwo sì sọ láàárín wọn. Àsíá ńlá náà ti ya láti etí dé àárín. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà lẹ́yìn wọn tí ohùn rẹ̀ ti ń ga ju ti gbogbo wọn lọ láti ìgbà tí Màmá ti dé. Òun ló kọ́kọ́ rí ojútùú.

"Ẹ bá mi wá ìṣó," ó wí. "Ìṣó mẹ́ta péré, màá kàn án pọ̀."

"Ìṣó?" Màmá kò mọ̀gbà tó lanu. "Ṣé pátákó lẹ pè é? Ẹ gbé e wá síbí."

Ó yọ abẹ́rẹ́, ó yọ òwú, ó fi àsíá tẹ́ ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní òun á bá a di etí kejì mú. Ó dì í mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ń gbọ̀n. Màmá gbójú sókè wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ tó gbó, tó mọṣẹ́, tí kò sì lè dúró sójú kan. Òwú bọ́ lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ yẹn. Ó ti bá ọwọ́ yẹn gbé.

"Ẹ tún bá mi bù ú wá!" gbẹ́nàgbẹ́nà pariwo, ó gbé ife òfìfo sókè.

Wàyí o, Màmá wí lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣe.

Onílé dé. Kò bu ọtí wá, kò sì bínú. Ó fa àga, ó jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà bí ẹni tó ní àkókò gbogbo ayé.

"Bọ̀dá, ta ló máa gbé àsíá yín lónìí?"

"Ẹnikẹ́ni ni. Ọtí ni mo ní kí o bù wá."

"Mo gbọ́. Àsíá yìí wúwo, àtẹ́gùn sì wà níta. Ẹni tó mọ bí igi ṣe ń dúró ló lè mú ọ̀pá rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbé e fún. Àmọ́ ẹni tó bá máa gbé àsíá kì í mu kọjá ibi tí ẹ mu dé yìí."

"Ta ló ṣòfin yẹn?"

"Èmi ni."

"Ìgbà wo lo ṣe é?"

"Ìsinsìnyí."

Ẹ̀rín bú. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà fẹ́ bínú, ó bá ẹ̀rín pàdé lọ́nà. Ó wo ife, ó wo àsíá, ó yí ojú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbé ife lé onílé lọ́wọ́. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án, ojú á fọ́."

"Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án." Onílé dìde, ó gbé ife lọ, ó sì fi omi àti búrẹ́dì ránṣẹ́ padà.

"Bó ṣe máa ń ṣe wọ́n nìyẹn," awakọ̀ sọ ọ́ sétí Màmá. "Nígbà tí a wá lọ́jọ́sí, agogo orí káńtà ló gbé fún ọ̀kan nínú àwọn ti ọ̀tún lọ́hùn-ún. Ó ní ẹni tó bá ń ṣọ́ agogo ò gbọdọ̀ mu. Ọkùnrin náà gbá agogo mọ́ra bí ọmọ tuntun títí ilẹ̀ fi ṣú."

Màmá tún gbé òwú sókè. Ó ń wá ojú abẹ́rẹ́.

Nígbà tó rán àsíá náà tán, tí wọ́n nà án sókè tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ya, ariwo tí wọ́n pa gba gbogbo ilé. Ilé wá pa rọ́rọ́, nítorí ó ti tó àkókò orin àlejò. Gbogbo apá òsì yíjú sí Màmá.

"Àgbà ló ń dá a, Mà," awakọ̀ wí.

"N ò mọ orin bọ́ọ̀lù kankan."

"Ẹ dá èyí tí ẹ mọ̀."

Àgbà kì í sá fún orin. Màmá dìde, ó tún ṣáàlì ṣe, ó sì ki oríkì ẹsẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń kì í kó tó jáde nílé:

"Ẹsẹ̀ mi, ọmọ arìnnàkore,
ẹsẹ̀ tó kúrò nílé tí kò gbàgbé ilé,
má bá òkúta jà, òkúta ò níṣẹ́ méjì;
má bá ẹ̀gún ṣọ̀rẹ́, ẹ̀gún ò mọ ọ̀rẹ́.
Bó o bá ń sáré, má sáré kọjá orí mi;
bó o bá dúró, dúró níbi tí wọ́n ti ń pè mí lọ́mọ.
Ẹsẹ̀ mi, gbé mi dé're,
gbé mi dé're, kó o gbé mi bọ̀ wálé."

Lórí pèpéle, gìtá ṣi ohùn. Ọmọ rẹ̀ ti gbójú sókè. Orin tí wọ́n fi ń sìn ín lọ síléèwé láàárọ̀ ni, láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tó ìlẹ̀kùn ṣí, ó sì ń gbọ́ ọ látẹnu ìyá rẹ̀ láàárín àwọn aláṣọ àlùkò nílé ọtí. Ẹnu rẹ̀ ò lè padé. Ṣùgbọ́n ìka mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Màmá dé ìlà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì, gìtá ti wọlé sábẹ́ ohùn rẹ̀, ó gbé e bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀. Àwọn àlejò gbà á: gbé mi dé're, kó o gbé mi bọ̀ wálé. Nígbà tí wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn onílé náà ti bá wọn gbè é, nítorí kò sẹ́ni tí kò lẹ́sẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Kípà ṣí fìlà.

Bí wọ́n ṣe dákẹ́ báyìí, ọmọ bẹ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe láàárín àwọn àlejò?"

"Kí ni mo tún jẹ́ níbí bí kì í bá ṣe àlejò?"

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀!"

"O ṣi okùn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ."

Awakọ̀ gbá orí mú. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ yín ló ń ṣeré fáwọn ọ̀tá?"

"Èèyàn ò kúkú mọ ohun tó máa bí."

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí i, Mà?"

"Mo ń rí i lọ́wọ́. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ, má sì sọ fún un pé èmi ni."

"Àmọ́, Mà…"

"Mo ní má sọ fún un."

Ó padà. Kò pẹ́, agogo dún lórí káńtà. Onílé ti ẹ̀rọ ọtí pa, ó fi aṣọ nu káńtà láti òpin kan dé èkejì, ó ké pé, "Ó tó! Ó di ìgbà tí ẹ bá bọ̀!" Kípà pín ọ̀pá àsíá padà fún àwọn tó ni wọ́n, gbogbo ilé sì tú jáde, ewé àti àlùkò, wọ́n sọdá títì pọ̀, wọ́n gba ẹnubodè kan wọlé. Màmá ì bá dúró. Awakọ̀ ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bí ẹ bá bi Màmá Aránṣọ léèrè ohun tó rí ní pápá bọ́ọ̀lù, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni koríko. Kò mọ̀ pé èèyàn lè tọ́jú koríko bẹ́ẹ̀. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ìlà funfun orí rẹ̀ sì tọ́ bí èyí tí òun fi ẹfun fà. Bẹ́ǹṣì onípákó ni wọ́n jókòó sí, ó tutù títí dé egungun.

"Ẹni tó wọ dúdú yẹn ńkọ́?" ó bèèrè. "Ẹgbẹ́ wo ni tirẹ̀?"

"Rẹfirí ni, Mà. Kò lẹ́gbẹ́."

"Ta wá ni gbogbo yín ń bú?"

"Òun náà ni."

Màmá mi orí. "Màá fi í sínú àdúrà."

Ó gbìyànjú láti má ṣègbè. Ṣùgbọ́n aṣọ máa ń ti èèyàn. Ìgbàkigbà tí ọmọ kékeré kan tó wọ àlùkò bá gbá bọ́ọ̀lù lọ síwájú, ètè Màmá á máa jó. Ó mú ara rẹ̀ níbi tó ti ń sọ pé, "Olúwa, ṣí ọ̀nà fún un," ó sì yára bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa má ka ìyẹn mọ́ àdúrà. Bóyá Olúwa ò sì kà á, nítorí nígbà tí eré ti fẹ́ parí, àwọn aláṣọ ewé ló gbá a sáwọ̀n. Ariwo mi ilẹ̀. Gbogbo àlùkò jókòó wọ̀ọ̀.

Ẹnì kan ló dúró. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ó di ọ̀pá àsíá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi ẹsẹ̀ gún ilẹ̀, àtẹ́gùn ń fa aṣọ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì jẹ́ kó tẹ̀. Ojú rẹ̀ ti là. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó sì wí fún un bí ẹni tó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an pé, "Kò ṣubú o, Màmá."

"Mo rí i, ọmọ mi. O ṣeun."

Màmá dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí èrò kọjá. Wọ́n ti gba ìgò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìmọye ìgbà. Wọ́n bú u, wọ́n sunkún sí i lára, wọ́n gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí gbé nǹkan mìíràn lé e lọ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá ì bá ṣiṣẹ́. Ó ṣáà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó dán an wò.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé ọtí, àwọn olórin ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan pẹ̀lẹ́ kan láti fi tu àwọn tó pàdánù nínú. Màmá kò lọ jókòó. Ó gbé pákó tí wọ́n fi dí ẹnu káńtà sókè, ó kọjá, ó bá onílé nínú yàrá ẹ̀yìn níbi tó ti ń fọ ife nínú omi ọṣẹ tó ń hó wùyẹ̀wùyẹ̀, tó ń dojú wọn dé sórí aṣọ funfun. Ó mú aṣọ gbígbẹ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù wọ́n.

"Ẹ jókòó, Mà, ẹ má ṣe wàhálà."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òfìfo sọ̀rọ̀." Ó nu ife kan, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. "Ta ló rán àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ yìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ó dáa." Ó mú ife mìíràn. "Ó dáa ju bí mo ṣe fẹ́ lọ."

Onílé rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, Mà."

"Kí lo mọ̀?"

"Mo ti mọ̀ yín láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Bí ẹ ṣe tẹ orí sápá kan tí ẹ ń wo gbogbo ilé, bí ọmọ yín ṣe ń ṣe nìyẹn tí okùn gìtá rẹ̀ bá tú. Imú yín náà kan náà ni."

Ife dúró lọ́wọ́ Màmá. "O mọ̀ mí, o sì fi mí sílẹ̀ láàárín àwọn aláṣọ àlùkò?"

"Ẹ ò wá kí mi, Mà. Ẹ wá wò mí ni. Ẹni tó bá wá wo ilé, a kì í paná mọ́ ọn lójú."

Màmá wo ṣáàlì èjìká rẹ̀. Òun tó rò pé òun sá pamọ́ sẹ́yìn ṣáàlì! Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ojú sì ń tì í díẹ̀, ó wá fi méjèèjì nu ife.

"Ṣé ìwọ náà máa ń mu ún?"

"Mo máa ń tọ́ ọ wò kí n tó tà á. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹ bi í, Mà. Ẹnu rẹ̀ ni ìyẹn ti yẹ kó jáde."

Èsì yẹn wọ Màmá lára ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó wá sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, kò sọ ọ́ gùn: ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, òwú tí òun ń bá a fi bọ ojú abẹ́rẹ́. Onílé pa omi tó ń ṣàn, ó nu ọwọ́, ó sì dúró gbọ́ ọ títí dópin.

"Mà," ó wí nígbà tó yá, "mi ò lè ṣèlérí fún yín pé kò sẹ́ni tó máa ti ibí jáde tí kò ní mọ ọ̀nà ilé. Mo máa ń ṣọ́ wọn. Ẹlòmíràn á gba ohun tí mo bá gbé fún un. Ẹlòmíràn á jù ú sílẹ̀, á gba ilé ọtí mìíràn lọ. Tí wọ́n bá lọ bẹ́ẹ̀, oorun kì í kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

"Ká ní o ṣèlérí ni, ǹ bá ti gbé báàgì mi."

Fèrè bọ́ọ̀sì dún níta. Ohùn awakọ̀ wọlé gba ojú fèrèsé: "Màmá wa! Ọ̀nà ilé yín la máa gbà o! Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

"Mo ń bọ̀!" Màmá tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì di ọwọ́ onílé mú. Ọwọ́ náà ṣì tutù fún omi, ó le ní àtẹ́lẹwọ́ bí ti òṣìṣẹ́. "Ọmọ mi á ti máa retí kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kí n sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò tíì ní ìkankan nínú méjèèjì lẹ́nu lónìí. Ọjọ́ wo lẹ kì í ṣí ilé yìí?"

"Ọjọ́ Ajé, Mà."

"Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ajé. Má mú un dání. Ìwọ nìkan ni kó o wá, kí ìwọ náà wò mí."